Rìfíù urea lórí ẹ̀fọ́: ewé ń pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ló wà nínú ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó parí sí bẹ̀rẹ̀ ká má fi àkókò ara wa ṣòfò. Urea, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. NPK 15-15-15, ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù pọ̀, mẹ́ta àtààbọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, mẹ́rin. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan sí mi báyìí, torí gbogbo rìfíù urea tí mo ti kà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, ẹ̀fọ́ mi dúdú, ó ga, ó fẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún, wọ́n á wá gbé fọ́tò ewé ràbàtà sí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ẹni tó máa jẹ ewé ràbàtà yìí, kí ló fẹ́ rí nínú ẹ̀? Ohun tí èmi fi wọn àwọn ajílẹ̀ wọ̀nyí nìyẹn, kì í ṣe bí ewé ṣe rí lójú, ohun tó bọ́ sára ẹni tó jẹ ẹ́ ni. Ẹ̀fọ́ tó jẹ́ pé ewé ẹ̀ la ń jẹ sì ni mo ń bá wí o, tẹ̀tẹ̀, spinach, létíùsì, kéèlì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Tòmátò àti ata, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì.

Urea ni ajílẹ̀ oníhóró funfun tí wọ́n kọ 46-0-0 sí lára àpò. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú kílò 100, kílò 46 ni náítírójìn, kò sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò sí pòtásíọ̀mù, kò sí nǹkan míì tí ẹ̀fọ́ lè jẹ. Àpò kílò 50 nígbà náà, kílò 23 náítírójìn ló wà nínú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kílò 7.5 péré ló wà nínú àpò NPK 15-15-15 tó tóbi bákan náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ agolo kan náà ni wọ́n fi ń bu méjèèjì, wọ́n á ní agolo kan kan fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀ pé náítírójìn inú agolo urea yẹn lé ní ìlọ́po méjì ti NPK. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní NPK ò ṣiṣẹ́ tó urea. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ tó o?

Ohun àrà kan nípa urea ni pé inú ìtọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí Friedrich Wöhler ará Jámánì ṣe é nínú láàbù lọ́dún 1828 láìlo ẹran tàbí èèyàn kankan. Èyí tó wà nínú àpò lónìí, inú afẹ́fẹ́ ni náítírójìn ẹ̀ ti wá. Fritz Haber ló fi hàn lọ́dún 1909 pé ó ṣeé ṣe láti fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di amóníà, Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau ní Jámánì lọ́dún 1913. Amóníà yẹn ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ kábọ́nù dayọ́ksáìdì tó fi ń di urea. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé "májèlé" ni urea, kó rọra, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ohun tí ilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n ni wàhálà, àti àkókò.

Tó bá ti bọ́ sínú ilẹ̀ tó tutù, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ilẹ̀ á sọ ọ́ di amóníọ̀mù láàárín ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà míì á tún sọ amóníọ̀mù di náítíréètì, ìgbà yẹn ni gbòǹgbò á máa fà á mu wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn wọ́n ọn sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan tẹ́ ẹ ò bò ó tẹ́ ẹ ò sì bomi rin ín, apá kan á fò lọ gẹ́gẹ́ bí amóníà, òórùn tó ń ta yín nímú yẹn, owó yín ló ń lọ yẹn. Ẹ fi ilẹ̀ bò ó tàbí kẹ́ ẹ bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó bà lé ewé, ó máa ń jó o. Àpò tó bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ dì í pa, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ á sì di òkìtì kan gbangba. Àpò tí mo lò kẹ́yìn, inú ẹ̀ dúró dáadáa títí tó fi tán, mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí ìyẹn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe, ó ń ṣe é. Ẹ̀fọ́ tí ebi náítírójìn bá ń pa, ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, torí ó máa ń fa náítírójìn kúrò lára ewé àgbà gbé e lọ fún ewé tuntun. Ẹ fún un ní urea díẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ẹ ti rí i pé ó ń dúdú padà. Dúdú yẹn kì í sì í ṣe ẹwà lásán. Náítírójìn wà nínú kulorofíìlì tó fún ewé ní àwọ̀ ẹ̀, ó wà nínú gbogbo purotéènì, béètà-karotíìnì tí ara wa ń sọ di fítámì A àti lutíìnì tó wà fún ojú, ẹ̀gbẹ́ kulorofíìlì ni wọ́n ń gbé nínú ewé, ibi tí kulorofíìlì bá pọ̀ sí àwọn náà á pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fítámì K. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá àwọn tó ń sọ pé ẹ̀fọ́ tí ò rí ajílẹ̀ rárá ló dára jù ṣe. Ewé tó pọ́n, tó rán, tí ebi ń pa, kí ló fẹ́ fún ẹlòmíì jẹ? Ìràwọ̀ mẹ́ta tí mo fún urea, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ìràwọ̀ méjì tí mo yọ.

Àkọ́kọ́ ni fítámì C. Ṣúgà ni ewé fi ń ṣe fítámì C. Tí náítírójìn bá ti pọ̀ jù, ewé á kó ṣúgà ẹ̀ lọ fi kọ́ purotéènì àti ewé tuntun, ewé tuntun yẹn á fẹ̀, á bo ara wọn, ìmọ́lẹ̀ á dínkù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀, fítámì C á sì máa lọ sílẹ̀. Lọ́dún 1993 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Mozafar kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó hàn ni pé náítírójìn tó pọ̀ sábà máa ń dín fítámì C kù nínú ẹ̀fọ́ àti èso, àmọ́ ó ń mú karotíìnì àti fítámì B1 lọ sókè. Ẹ ò rí nǹkan, ewé kan náà, ó ń fi ọ̀tún fún un ó ń fi òsì gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní "ajílẹ̀ ń mú ẹ̀fọ́ ṣara lóore" àti ẹni tó ní "ajílẹ̀ ń ba ẹ̀fọ́ jẹ́" fi lè jọ jiyàn dalẹ́ kí kálukú wọn sì mú ẹ̀rí wá.

Èkejì, ohun inú ewé tó sáré dàgbà kì í ki. Ó dà bí ìgbà téèyàn bu omi la ọbẹ̀, ìkòkò kún lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ àti epo tó wà níbẹ̀ ò pọ̀ sí i. Urea ò mú áyọ́ọ̀nù (èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ nílò) wá, kò mú síńkì tàbí kálísíọ̀mù wá, èyí tí gbòǹgbò bá rí fà nínú ilẹ̀ ló máa pín sára ewé tó ti di ìlọ́po méjì. Lọ́dún 2004 Donald Davis àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin gbé ìwé iye èròjà inú oúnjẹ Amẹ́ríkà ti ọdún 1950 àti ti 1999 kalẹ̀, wọ́n fi irúgbìn ọgbà 43 wéra wọn, ìwọ̀n purotéènì, kálísíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, áyọ́ọ̀nù, fítámì B2 àti fítámì C ti lọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ má ba à sọ pé mò ń fi nǹkan pamọ́, àwọn fúnra wọn ò di ẹ̀bi ru ajílẹ̀, irúgbìn tuntun tí wọ́n yàn torí pé ó ń so púpọ̀ ni wọ́n fura sí jù. Àmọ́ ibì kan náà lọ̀rọ̀ ọ̀hún já sí, púpọ̀ kì í sábà bá ọ̀rá rìn.

Ẹ̀kẹta ló le jù, ó sì gùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Náítíréètì. Náítíréètì tí gbòǹgbò fà, ewé ò lè lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan ní láti yí i padà kó tó di purotéènì, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń jí ẹ́ńsáìmù yẹn ṣiṣẹ́, ó tún nílò mólíbídínọ̀mù díẹ̀. Tí náítíréètì bá ń wọlé ju bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń yí i lọ, ewé á kó o pamọ́, kì í dà á nù. Ibi tó ń kó o sí jù ni igi ẹ̀fọ́ àti ọrùn tó so ewé mọ́ igi, lẹ́yìn náà ewé àgbà ìta. Ewé kékeré inú ló máa ń ní díẹ̀ jù. Nítorí náà ẹni tó da urea sí spinach nígbà tí ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, tó wá gé e láàárọ̀ kùtù, onítọ̀hún ti ṣe gbogbo ohun tó lè mú náítíréètì ga jù lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí wọ́n ń ṣòfin lé lórí? Ó tó. Yúróòpù ní òfin lórí ẹ̀, láti ọdún 2011 ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ fún spinach tútù ni mílígíráàmù 3,500 nínú kílò kan, ọ̀pọ̀ oríṣi létíùsì wà láàárín 3,000 sí 5,000, ó sinmi lórí ìgbà tí wọ́n gé e àti bóyá abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti gbìn ín, rúkólà (ewé sàláàdì kan) ló ga jù, 6,000 lásìkò oòrùn àti 7,000 lásìkò òtútù. Ẹ wo bí òfin fúnra ẹ̀ ṣe fàyè gba púpọ̀ sí i lásìkò tí ìmọ́lẹ̀ kéré, wọ́n mọ̀ pé agbára àgbẹ̀ ò ká oòrùn. Àwọn onímọ̀ tó ń gba WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti FAO (àjọ oúnjẹ àgbáyé) nímọ̀ràn ní ohun tí èèyàn lè máa jẹ lójúmọ́ láìséwu ni mílígíráàmù 3.7 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá jẹ́ kílò 60 nígbà náà, 222. Gíráàmù 100 péré spinach tó ní 3,000 nínú kílò, 300 ti wọlé nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún ẹ̀fọ́ o jàre. Náítíréètì inú ẹ̀fọ́ nìkan ò pa àgbàlagbà tára ẹ̀ le, bakitéríà ẹnu wa máa ń sọ apá kan di náítíráìtì, ara á sọ ìyẹn di gáàsì kan tó ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ rọ̀, ìwádìí sì ti fi hàn pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà ni mò ń bẹ̀rù fún, torí náítíráìtì lè yí ẹ̀jẹ̀ wọn padà débi pé kò ní lè gbé ọ́síjìn mọ́, ara ọmọ á máa dúdú bí aró. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè tí wọ́n fi sílẹ̀ sí gbangba fún wákàtí púpọ̀ náà, bakitéríà á ti máa yí náítíréètì inú ẹ̀ sí náítíráìtì, ìyẹn ò yẹ ọmọ kékeré rárá. Ẹni tó bá bọ ẹ̀fọ́ tó da omi ẹ̀ nù, ó da náítíréètì púpọ̀ nù, ó tún da fítámì C àti fóléètì (fítámì B kan) nù mọ́ ọn, torí inú omi ni gbogbo wọn ń sá sí. Èmi á sọ pé ká má jẹ́ kó pọ̀ nínú ewé láti oko.

NPK 15-15-15 wá ńkọ́? Ìdí tó fi fi ààbọ̀ ìràwọ̀ ju urea lọ ni pòtásíọ̀mù inú ẹ̀. Pòtásíọ̀mù ló ń bá ewé gbé ṣúgà kiri, ẹ̀fọ́ tó rí i dáadáa sábà máa ń ní fítámì C tó dára ju èyí tó rí náítírójìn nìkan lọ, tó bá sì jẹ́ oríṣi tó ní kùlóráìdì nínú, kùlóráìdì yẹn máa ń bá náítíréètì du ọ̀nà wọlé, náítíréètì á dínkù díẹ̀ nínú ewé. Ohun tó mú mi dín in kù ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn á da 15-15-15 sórí ilẹ̀ kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ̀fọ́ ò nílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í tètè ṣàn lọ, ó kàn ń pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ ni, tó bá sì ti pọ̀ jù ó máa ń dènà síńkì, gbòǹgbò ò ní rí síńkì fà tó. Ẹ yẹ ilẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó máa rà á léraléra.

Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í sì í ṣe torí pé ó jẹ́ àdáyébá. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀fọ́ onígbẹ́ ò ní náítíréètì, ẹ má dá wọn lóhùn, gbòǹgbò ò mọ̀ bóyá inú àpò ni náítíréètì ti wá àbí ìdí adìyẹ, tẹ́ ẹ bá da òkìtì lé e lórí á kó o pamọ́ bákan náà. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ló ń tú náítírójìn ẹ̀ sílẹ̀, ó tún ní kálísíọ̀mù, síńkì àti àwọn nǹkan kéékèèké míì tí urea ò ní rárá. Àléébù ẹ̀ ni pé tútù ẹ̀ léwu. Ìgbẹ́ tútù ń jó gbòǹgbò, ó sì ń gbé kòkòrò àrùn wá sórí ewé táwọn kan máa jẹ ní tútù. Òfin àwọn àgbẹ̀ ọ̀gánììkì ní Amẹ́ríkà ni pé ọjọ́ 120 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n kórè ohun tó ń kan ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó ń yá láàárín oṣù kan, ṣé ẹ rí i pé ìyẹn ò ṣeé ṣe? Àfi èyí tó ti jẹrà, tó ti gbóná débi tó yẹ. Tí wọ́n bá tò ó ní òkìtì gígùn, òfin yẹn ní ó gbọ́dọ̀ wà láàárín digírì 55 sí 77 fún ọjọ́ 15, kí wọ́n sì yí i ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín ẹ̀. Èyí tí mo lò, ó ti dúdú, òórùn ilẹ̀ ló ń rùn, kò sí òórùn amóníà lára ẹ̀. Tí èyí tẹ́ ẹ rà bá ṣì ń ta yín nímú, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń fọ́n sára ewé, tí wọ́n kọ síńkì àti áyọ́ọ̀nù sí lára, mi ò ní fi wọ́n ṣe rìfíù gidi. Ti síńkì ń ṣiṣẹ́, ewé ń gbà á. Ti áyọ́ọ̀nù, ewé tó ti pọ́n ló ń mú dúdú jù lọ, kì í rìn jìnnà kúrò níbi tó bà lé. Pé ajílẹ̀ lè gbé ohun tí èèyàn nílò wọ inú oúnjẹ, ìyẹn ò níyàn nínú, Finland ti ń fi sẹlẹ́níọ̀mù sínú ajílẹ̀ wọn láti nǹkan bí ọdún 1984, torí ilẹ̀ wọn ò ní in tó, sẹlẹ́níọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú sì lọ sókè. Odindi orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n fi ajílẹ̀ tọ́jú.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí àwọn tó ń ṣe urea gan-an nìyí, ẹ̀yìn àpò kún fún bí wọ́n ṣe ń wọ́n ọn àti iye tí wọ́n ń wọ́n, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìgbà tó yẹ kéèyàn gé ewé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti urea tó kẹ́yìn. Èmi máa ń fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ láàárín urea ìkẹyìn àti ọ̀bẹ. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ń fà tu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ìyẹn ni pé urea ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ parí ní bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ẹ pín in sí méjì kékeré dípò ìdà kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń gé tó tún ń rú, ọjọ́ tẹ́ ẹ gé e gan-an ni kẹ́ ẹ fún un, díẹ̀ o, kó lè lò ó tán kẹ́ ẹ tó tún padà wá. Ohun tí mo rí lọ́pọ̀ oko ni pé wọ́n á wò ó pé ẹ̀fọ́ ò tíì dúdú tó fún títà, ọjọ́ mẹ́rin sí i kí wọ́n gé e, wọ́n á da urea lé e, ó máa dúdú lóòótọ́, oníbàárà á rà á, náítíréètì tútù tí ò tíì yípadà ló ń rà yẹn. Àwọn tó ń gbin létíùsì sínú omi láìlo ilẹ̀ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n kórè wọ́n á yọ náítíréètì kúrò nínú omi, ewé á jẹ èyí tó ti kó pamọ́, ìwọ̀n ẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wákàtí. Lálẹ́, gbòǹgbò ń fà á, ẹ́ńsáìmù ń sùn, ìdí nìyẹn tí ewé àárọ̀ kùtù fi máa ń ní náítíréètì tó ga jù. Tí oòrùn bá ti ràn fún wákàtí púpọ̀, náítíréètì á ti wálẹ̀, ṣúgà á ti gorí, fítámì C náà sábà máa ń dára jù lọ́sàn-án sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé àárọ̀ ló yẹ ká gé ẹ̀fọ́ torí pé omi wà lára ẹ̀ kì í tètè rọ, wọn ò parọ́, ewé tí wọ́n gé láàárín oòrùn gangan á rọ kó tó délé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo fi bá méjèèjì laja, nígbà tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ṣì ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ látàárọ̀, kẹ́ ẹ bo ewé náà lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí ibòji. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí rúkólà, létíùsì pupa àti ṣáádì pupa, èyí tí wọ́n gé ní òpin ọjọ́ pẹ́ kó tó bàjẹ́ ju èyí tí wọ́n gé láàárọ̀ lọ, ṣúgà tó ti kó jọ ló ń ràn án lọ́wọ́. Tí òjò tàbí kùrukùru bá ti gba gbogbo ọjọ́, tó bá ṣeé ṣe ẹ sún un sí ọ̀la.

Ti ọjọ́ orí ò gùn. Ewé tó bá ti gbó á le, okun inú ẹ̀ á pọ̀, tẹ̀tẹ̀ tó bá sì ti ń yọ òdòdó, ohun tó wà nínú ewé ẹ̀ ló ń kó lọ fún irúgbìn yẹn. Ẹ gé e kó tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù ni mo fẹ́ fi díẹ̀ kún, torí ó máa ń yí àwọn èèyàn lórí. Lórí ìwé, spinach ní mílígíráàmù 99 kálísíọ̀mù nínú gíráàmù 100, tẹ̀tẹ̀ tútù ní 215, èèyàn á ní tẹ̀tẹ̀ ti ju mílíìkì lọ. Àmọ́ ọ́ksáléètì inú wọn ń di kálísíọ̀mù mú, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré lára ń rí gbà nínú ti spinach, nígbà tí kéèlì tí ọ́ksáléètì ẹ̀ kéré ń fún ara ní bí ìdá ogójì, ó ju ti mílíìkì gan-an lọ. Náítírójìn tó wọlé gẹ́gẹ́ bí náítíréètì máa ń mú ọ́ksáléètì pọ̀ nínú spinach ju èyí tó wọlé bí amóníọ̀mù lọ. Nítorí náà ẹni tó ń wá kálísíọ̀mù, irúgbìn ni kó pààrọ̀, kó yé e ra ajílẹ̀ tí wọ́n kọ kálísíọ̀mù sí lára.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé e tán ńkọ́? Ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ní 2004, wọ́n kó spinach sí ibi mẹ́ta, digírì 4, digírì 10 àti digírì 20, wọ́n dúró títí ojú ẹ̀ ò fi dára mọ́, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ, mẹ́fà àti mẹ́rin, fóléètì tó kù nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Firíìjì kàn ń sún un síwájú ni. Fítámì C tiẹ̀ yára sá ju ìyẹn lọ. Gbogbo urea tẹ́ ẹ fi ìwọ̀n tó péye wọ́n, gbogbo wákàtí tẹ́ ẹ ṣọ́, tí ewé bá wá jókòó sínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́ lórí àtẹ, ó ti lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fún ní ìràwọ̀ márùn-ún nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ajílẹ̀ rárá. Bébà tẹ́sìtì náítíréètì ni, pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń rì bọ omi láti mọ náítíréètì inú ẹ̀. Ẹ gé ọrùn ewé wẹ́wẹ́, ẹ fún omi ẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ là á níwọ̀n tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ wo àwọ̀ tó yọ, kẹ́ ẹ wá fi iye ìgbà tẹ́ ẹ là á sọ ọ́ di púpọ̀. Kò péye bíi ti láàbù, àmọ́ ó tó láti mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ gé e lónìí àbí kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí oòrùn bá ràn. Ẹ gé ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ẹ rì méjèèjì bọ̀ ọ́, àwọ̀ wọn kì í sábà bára mu.

Ta ni kó ra urea, ta ni kó fi sílẹ̀? Tí ilẹ̀ yín bá ti rẹ̀ tí ewé ń pọ́n, tẹ́ ẹ ní omi, tí oòrùn pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ rà á, ẹ lo díẹ̀, ẹ tètè lò ó. Tẹ́ ẹ bá ti ń da ìgbẹ́ tó jẹrà sílẹ̀ déédéé, ẹ ò nílò ẹ̀, ewé tẹ́ ẹ máa rí kún un ò tó ohun tó máa já nínú ẹ̀. Ẹni tó ń gbin spinach tàbí rúkólà sábẹ́ náílọ́ọ̀nù lásìkò tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, kó má tiẹ̀ wo ọ̀nà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni CAN (ajílẹ̀ kálísíọ̀mù amóníọ̀mù náítíréètì) tí náítíréètì ti wà nínú ẹ̀ láti inú àpò wá. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ wà lára àwọn tó máa jẹ nínú ewé náà, ẹ já a kúrò lára igi àti ọrùn ẹ̀, ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú nìkan ni kẹ́ ẹ mú.